Epo gbówó lórí, gbèsè ń pọ̀: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe nínú ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí la wà. Kùtọ̀nú ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, alùpùpù ló ń gùn lọ, òun ló ń gùn bọ̀. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 110,000 sẹ́fà, inú báǹkì ni wọ́n ń san án sí. Ẹ̀kọ lèmi ń tà. Nígbà tí lítà kpayo, epo tí wọ́n ń fà wọlé láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, wà ní 350, a máa ń rí i ṣe. Ìgbà tó di 700 ni gbogbo nǹkan dojú rú. A ti wọ découvert 60,000 ní báǹkì, ìyẹn ni pé a ti ná owó báǹkì kọjá tiwa. Mo yá 200,000 ní míkrófínáǹsì ní 2% lóṣù, 24,000 ni mò ń san lóṣù, mo ti san mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mo yá 10,000 lórí fóònù, mo sì jẹ onírẹsì ní 18,000. Ilé ayánilówó kan ní òun á yá wa ní 400,000 fún oṣù 18, ní 2% kan náà, ká fi san gbogbo gbèsè, ká simi. Ṣé ká gbà á?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá ilé. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé 400,000 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ro gbèsè tó wà nílẹ̀ pọ̀ ná. Oṣù mẹ́fà ló kù ní míkrófínáǹsì, ìyẹn 144,000. Báǹkì 60,000, fóònù 10,000, onírẹsì 18,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 232,000. Bí ẹ bá gba 400,000 tí ẹ san án kúrò, 168,000 á ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 2% lórí 400,000 jẹ́ 8,000 lóṣù. Ní oṣù 18, èlé nìkan ti di 144,000. 24,000 tí ẹ̀ ń san báyìí, oṣù mẹ́fà péré ló kù tí yóò fi tán. Tuntun yìí á máa gba 30,222 lóṣù fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹni tó ń ṣòro fún láti san 24,000 kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí 30,222, bó ti wù kí ìsinmi oṣù àkọ́kọ́ dùn tó. Owó 168,000 tó ṣẹ́ kù yẹn, inú epo àti owó iléèwé ni yóò gbà lọ. Báǹkì kò sì ní ti découvert pa, nítorí náà kí ọdún tó yí po, ẹ ó tún ti wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń dà yín láàmú gan-an kì í ṣe gbèsè. Owó tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí lóṣooṣù. Owó yíyá lè dí ihò tó ṣí lẹ́ẹ̀kan: àìsàn dé, atẹ́gùn ká òrùlé lọ, ẹ̀rọ bàjẹ́. Èyí tó ń ṣí lóṣooṣù, owó yíyá kì í dí i, ńṣe ló ń fi èlé kún un. Ẹ jẹ́ ká mọ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó kí a tó sọ̀rọ̀ gbèsè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara alùpùpù. Àjàṣẹ́ sí Kùtọ̀nú, bíi kìlómítà 33 ni ẹ fi ṣírò, lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 66. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù mú un di kìlómítà 1,452. Alùpùpù 110 tàbí 125 tí ara rẹ̀ le máa ń mu bíi lítà méjì sí méjì àbọ̀ ní 100 kìlómítà; ẹ fi sí 2.3, ó di lítà 33 lóṣù. Ní 350, 11,550 ni. Ní 700, 23,100 ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,550, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù bàbá àwọn ọmọ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé kì í kà mọ́ ọn ni ohun tí epo ń jẹ nínú ọjà títà. Ẹ kò sọ iye tí ẹ ń ná lórí ẹ̀kọ, nítorí náà ẹ fi iye tiyín rọ́pò àwọn tí mo bá kọ síhìn-ín. Ká ní ẹ̀ ń se 200 ẹ̀kọ lóòjọ́, tí ẹ ń tà á ní 50. Owó ọjà jẹ́ 10,000. Tẹ́lẹ̀, àgbàdo 6,000, ọlọ 600, igi 800, ewé 500, ọkọ̀ 300: 8,200. Èrè jẹ́ 1,800. Báyìí, ọlọ tó ń mu gàsóìlì ti di 900, igi 1,000 torí pé ọkọ̀ ló ń kó o wá, ọkọ̀ tiyín ti di 600. Owó tó wọ ọjà di 9,000, èrè di 1,000. Bí ẹ bá ń tà fún ọjọ́ 26 lóṣù, 46,800 ti di 26,000. 20,800 ti lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i, láìjẹ́ pé oníbàárà yín dín kù.

11,550 àti 20,800 jẹ́ 32,350. Bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó nìyẹn lóṣooṣù. Ẹ wo découvert yín: 60,000, kò pé oṣù méjì irú ihò bẹ́ẹ̀. Báǹkì kò mú yín, ìṣirò ló mú yín.

Ẹ má sì fi ọkàn sí i pé 350 á padà wá. Kpayo pọ́ọ́kú nígbà náà nítorí pé ìjọba Nàìjíríà ló ń bá gbogbo wa san nínú owó epo náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ owó orí epo ti dópin, lítà tí kò tó 200 náírà sì fò sókè di bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kpayo tó ń gba ẹnubodè Ìgólò àti Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Náírà tó já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún yẹn ran ẹni tó ń fi sẹ́fà rà lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí kpayo fi pọ́ọ́kú ti lọ. Iye tó wà lórí rẹ̀ lónìí ni kí ẹ fi ṣètò ilé. Bó bá já wálẹ̀, àfikún ni.

Nǹkan kan wà tó ti yí padà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì kíyè sí. Ìjọba Benin ló ń dá iye epo ní ilé epo, nítorí náà kì í fò bíi ti kpayo, nígbà mìíràn ìyàtọ̀ àárín wọn a sì kéré jọjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, kí bàbá wo iye tó wà lójú pátákó ilé epo. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 30 sẹ́fà lórí lítà, 990 ni ẹ ń jèrè lórí lítà 33 tí ẹ bá ra kpayo. Omi díẹ̀ tàbí epo fìtílà tí wọ́n bá dà pọ̀ mọ́ ọn, mẹkaníìkì kan á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fọ kábúrétọ̀. Ìgò tí wọ́n ń pè ní lítà kò sì tó lítà nígbà gbogbo. Ilé epo ní mítà.

Kí bàbá mọ ohun tí alùpùpù òun ń mu gan-an. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: kó rọ ọ́ kún dé ẹnu, kó kọ kìlómítà tó wà lójú mítà sílẹ̀, kó gùn ún fún ọjọ́ méjì, kó tún rọ ọ́ kún dé ẹnu ní ilé epo kan náà. Iye lítà tó wọ̀ ọ́, kó pín in sí iye kìlómítà tó rìn, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bó bá ju lítà mẹ́ta lọ fún 100 kìlómítà, ohun kan ń bẹ lára ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wo táyà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rọ̀ ń fa epo. Lẹ́yìn náà fíltà afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí, pílọ́ọ̀gì tó dú, ṣéènì tó gbẹ. Fífọ fíltà àti fífún táyà ní afẹ́fẹ́ kì í náni ní nǹkan gidi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì sì tó.

Ibi tí owó gidi wà ni pé kó má dá gùn ún mọ́. Àjàṣẹ́ kún fún àwọn tó ń lọ Kùtọ̀nú láràárọ̀ ní wákàtí kan náà. Kí ó wá ẹni kan tó fọkàn tán, kí wọ́n máa gun alùpùpù kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ti èkejì ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí olúkúlùkù ní akoto tirẹ̀. Èèyàn méjì á mú kó mu epo díẹ̀ sí i, ẹ fi sí lítà 36, 25,200. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12,600. 10,500 ti padà sílé. Ohun tó sábà ń tú irú àdéhùn yìí ká ni pé ọ̀kan ń pẹ́ jí, tàbí pé wọn kò sọ ẹni tó máa tún alùpùpù ṣe bó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n sọ méjèèjì tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: alùpùpù ẹni bàjẹ́, ẹni ló tún un ṣe, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, kí èkejì máa lọ.

Mo bẹ̀ yín, nítorí pé iye ń lọ sókè, ẹ má ṣe ra kpayo pamọ́ sínú ilé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Podji, èèyàn tó lé ní 30 ló kú, ọmọdé wà lára wọn. Bídọ́ọ̀nù kan lábẹ́ àtẹ̀gùn nítòsí àrò tí ẹ fi ń se ẹ̀kọ, ohun tó lè ṣe nìyẹn. Kò sí èrè 100 tàbí 200 sẹ́fà tó tó o.

Lórí ẹ̀kọ yín, ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ ló ń gba ìyà jù nígbà tí epo bá gbówó lórí, torí pé ojú ń tì wọ́n láti yí iye padà. Bí ẹ bá sọ 50 di 60, owó ṣẹ́ńjì á di wàhálà. Ó sàn kí ẹ mú ẹ̀kọ 210 jáde nínú ògì tó ń mú 200 jáde tẹ́lẹ̀. Ìdínkù rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹnu kò lè mọ̀ ọ́n. 500 lóòjọ́ ni, 13,000 lóṣù. Ẹ fi ìgbákọ kan náà wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ohun tó ń lé oníbàárà lọ ni kí ti òní kéré, kí ti ọ̀la tóbi.

Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ẹ ti mọ̀ pé àgbàdo ògì ń sùn nínú omi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó dé ọlọ, kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti lọ sí ọjà Ouando láràárọ̀. Ẹ ra ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bá ẹlẹ́kọ ẹgbẹ́ yín pín owó ọkọ̀. 600 lè di 200. 400 lóòjọ́ jẹ́ 10,400 lóṣù. Ní àsìkò ìkórè, láti bí oṣù keje lọ, tí àgbàdo Kétu àti Pọ̀bẹ̀ bá ń wọ̀lú, ó dára láti rà sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ ni kí ẹ fi rà á, kì í ṣe owó tí ẹ yá.

10,500, 13,000, 10,400: 33,900. Ihò 32,350 ti dí, 1,550 sì ṣẹ́ kù. Kò ní rí báyìí gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó lè gbà tó oṣù méjì kí gbogbo rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìgbà tó bá ti dí ni ọ̀rọ̀ gbèsè tó ní ìtumọ̀.

Ní ti gbèsè, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré san èyí tó ń tì wọ́n lójú jù, wọ́n sì ń fi èyí tó ń jẹ wọ́n jù sílẹ̀. Nínú mẹ́rin tí ẹ jẹ, ti fóònù ló kéré jù, òun ló sì wọ́n jù. Bí wọ́n bá ń gba 1,000 lórí 10,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí ẹ ń san án tí ẹ tún ń yá a lọ́jọ́ kejì, láàárín ọdún kan ẹ ó ti san 12,000 èlé lórí 10,000, ojú owó á sì wà níbẹ̀. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí èésú bá kàn yín, ẹ fi 10,000 inú rẹ̀ san án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì tún tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́.

Nínú àwọn tó ń gba èlé, découvert ni èyí tó pọ́ọ́kú jù. Láti ọdún 2014, ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà BCEAO (báǹkì àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà), báǹkì kò gbọdọ̀ gbà ju 15% lọ lọ́dún, ilé míkrófínáǹsì kò gbọdọ̀ gbà ju 24% lọ, owó dòsíè àti gbogbo owó kékeré mìíràn wà nínú rẹ̀. 15% lórí 60,000 jẹ́ 750 lóṣù. Nítorí náà ẹ má ṣe fi owó 2% lóṣù lọ san owó báǹkì. Owó ọ̀wọ́n lẹ ń fi san owó pọ́ọ́kú nìyẹn. Ẹ kàn jẹ́ kó dúró lójú kan. Àkóbá rẹ̀ wà lára káàdì: ẹ̀rọ tó ń pọ owó kì í sọ fún yín pé tiyín ti tán, ti báǹkì ló ń pọ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ káàdì tí a ní níbí kì í ṣe káàdì gbèsè, inú àkáǹtì ló ń fà, ṣùgbọ́n découvert sọ ọ́ di káàdì gbèsè láìsọ fúnni. “Solde disponible” (owó tó ṣeé ná) tí ẹ ń rí lè ti ka owó báǹkì mọ́ tiyín. Solde gangan ni kí bàbá béèrè, kó wò ó bóyá “débiteur” (ajẹgbèsè) ni wọ́n kọ sí i. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kó gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in sí àpòòwé mẹ́rin, kí káàdì sì wà nílé.

Ti míkrófínáǹsì ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tọ́. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ìsanwó oṣooṣù, kí ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ “intérêts” (èlé) sí. Bó bá jẹ́ 4,000 ní oṣù kìíní tí ó sì ń lọ sílẹ̀, 3,635 ní oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé lórí ohun tó kù ni wọ́n ń ka èlé, ìsanwó yín kò sì yẹ kó ju bíi 22,265 lọ. Ṣùgbọ́n 24,000 lẹ ní ẹ ń san. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 4,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹnipé 200,000 ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ní oṣù kẹwàá, 20,000 péré ni ẹ ó jẹ wọ́n, wọ́n á sì tún gba 4,000 lórí rẹ̀. Èlé 40,000 dípò bíi 22,650. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bó ti yẹ, 2% yẹn ti ju 40% lọ lọ́dún, nígbà tí òdiwọ̀n jẹ́ 24%. Ilé tó fẹ́ yá yín ní 400,000 ń lo irú ìṣirò kan náà, ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ní kí ẹ má gbà á.

Ẹ lọ bá wọn, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé kí wọ́n kọ TEG owó tí ẹ yá, ìyẹn èlé ọdún kan pẹ̀lú gbogbo owó kékeré tó wà nínú rẹ̀, sí ìwé fún yín. Ó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín láti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí ohun tí wọ́n kọ bá ju 24 lọ, ANSSFD ní Kùtọ̀nú ni ìjọba yàn láti máa ṣọ́ àwọn ilé míkrófínáǹsì. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn àti àwọn rìsíìtì lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dáwọ́ ìsanwó dúró nítorí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ lẹ fi yá a, àwọn ìyá tó ṣe onídùúró fún yín ni wọ́n á gbé ọwọ́ lé lọ́rùn. Láti ọdún 2016, ilé ìwífún gbèsè tí wọ́n ń pè ní BIC náà ti wà fún gbogbo UEMOA, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà kan náà yìí: ìdádúró níbì kan lè hàn sí ilé ayánilówó mìíràn.

Bí ẹ bá rí i pé oṣù kan kò ní ṣeé ṣe, ẹ lọ kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ títà àti rírà sí dání. Kí wọ́n fún yín ní tábìlì tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó dìde, nítorí àwọn kan máa ń sọ èlé tó pẹ́ di ojú owó, kí èlé tún máa bí èlé.

Onírẹsì ń jẹun pẹ̀lú yín ládùúgbò, sùúrù ni tirẹ̀ gbà. Ẹ sọ fún un pé 1,500 lóṣù ni ẹ lè san fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Kékeré tó ń dé lásìkò ń mú kí èèyàn fọkàn balẹ̀ ju ńlá tí kò dé lọ.

Ẹ kíyè sí oṣù tí míkrófínáǹsì bá parí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n á pè yín pé ẹ ti sanwó dáadáa, pé 300,000 ń dúró dè yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń pàdánù gbogbo làálàá wọn nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkókò díẹ̀. 24,000 tí ẹ ti mọ́ra láti san, ẹ máa yọ ọ́ bí ẹni tó ṣì jẹ gbèsè. 9,000 tó kù fún onírẹsì àti 60,000 ti báǹkì jẹ́ 69,000: oṣù mẹ́ta á gbé e. Ní kété tí àkáǹtì bá ti dé òdo, kí bàbá kọ lẹ́tà sí báǹkì pé kí wọ́n pa découvert náà rẹ́, kó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Bí ó bá wù yín láti máa tọ́jú 24,000 yẹn lọ́dọ̀ alájọ, 800 lóòjọ́ tó o. Owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú lóṣù, bíi 3% ohun tí ẹ kó jọ, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí owó wà nínú ìdí aṣọ tí gbogbo ọmọ ilé mọ̀. Kí ẹ gbà á lóṣooṣù, kó má pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun á fi èrè ńlá kún un fún yín, kí ẹ rántí ICC Services, ilé tó ń gba owó èèyàn pẹ̀lú ìlérí èrè ńlá, ní ọdún 2010 àti bí owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe wọlẹ̀ ní gbogbo Benin, kí ẹ sì kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.